Ta ló ni Kàkó? Ọ̀rọ̀ fanfiction àti àwọn oǹkọ̀wé tí inú ń bí

Láti ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ fanfiction, ìyẹn ìtàn táwọn olólùfẹ́ ìwé ń fi àwọn èèyàn inú ìwé oníwèé kọ, ti tún gbóná lẹ́nu àwọn tó ń kàwé. Ohun tó dá a sílẹ̀ ò ju ìwé mẹ́ta kan tó jáde lọ́dún yẹn, méjì lóṣù keje, ọ̀kan lóṣù kẹsàn-án, tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bẹ̀rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, ìtàn táwọn olólùfẹ́ Harry Potter ń kọ pé Draco àti Hermione ń fẹ́ra wọn. (Ẹni tó bá ti ka ìwé yẹn mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò lè jọ jẹun nínú abọ́ kan náà, àmọ́ ìyẹn ò kan àwọn tó ń kọ ọ́.) Wọ́n pa orúkọ dà, wọ́n yọ gbogbo ohun tó bá ti jọ ti Rowling tó kọ Harry Potter kúrò, wọ́n gbé e fún ilé ìtẹ̀wé ńlá, ó sì tà wàràwàrà. Ilé iṣẹ́ fíìmù kan l'Amẹ́ríkà ti ra ẹ̀tọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀, Alchemised tí SenLinYu kọ, owó tí ìròyìn gbé jáde pé wọ́n san sì tó mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà fúnra yín, orí ń fọ́ mi.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí níbí l'Abẹ́òkúta, torí wọ́n mọ̀ pé mo máa ń kọ ìtàn iwin àti ọdẹ lédè Yorùbá tí mo máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n ní Àǹtí, ṣé èèyàn lè mú èèyàn inú ìwé oníwèé kó máa fi kọ ìtàn tiẹ̀, ṣé olè kọ́ nìyẹn, ṣé wọn ò ní gbé èèyàn lọ kóòtù? Mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn ẹ̀, torí ẹnu àwọn oǹkọ̀wé fúnra wọn ò kò lórí ẹ̀, òfin náà ò sì là á mọ́lẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ ná. O ka ìwé kan, o gbádùn ẹ̀, ó parí, àmọ́ ọkàn ẹ ò balẹ̀. Àwọn tó yẹ kó fẹ́ra ò fẹ́ra, ẹni tí ò yẹ kó kú kú, tàbí kẹ̀ ẹnì kan wà ní kọ̀rọ̀ ìtàn náà tí oǹkọ̀wé ò yà kí rárá. Ìwọ wá gbé fóònù ẹ, o mú àwọn èèyàn inú ìwé yẹn, o kọ tìẹ, o gbé e síbi táwọn ẹlòmíì tó fẹ́ràn ìwé náà ti máa kà á, o ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni fanfiction. Kì í ṣe ayédèrú ìwé o, ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ìwé oníwèé tó ń tà á lójú títì ń ta iṣẹ́ ẹlòmíì bó ṣe wà látòkè délẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń kọ fanfiction jókòó, ó ronú, ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́, ohun tó yá ò ju orúkọ àwọn èèyàn náà àti ayé tí wọ́n ń gbé inú ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀ àwọn oǹkọ̀wé tó kọ̀ ọ́ jálẹ̀ pọ̀ dáadáa. Anne Rice tó ń kọ ìtàn àwọn amùjẹ̀ sọ ọ́ gbangba lọ́dún 2000 pé òun ò gbà, pé kóun tiẹ̀ rò ó lásán pé ẹnì kan ń fi àwọn èèyàn òun kọ nǹkan, inú òun ti máa ń bàjẹ́, FanFiction.net tó jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó o sí nígbà yẹn sì ní káwọn èèyàn palẹ̀ gbogbo tiẹ̀ mọ́ kúrò níbẹ̀. George R. R. Martin, tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe Game of Thrones, náà ò gbà, àmọ́ òun ṣàlàyé lọ́dún 2010, àlàyé ẹ̀ sì lórí. Ó ní ẹ wo Edgar Rice Burroughs tó ni Tarzan, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó kú olówó. Ẹ wá wo H. P. Lovecraft tó gbà káwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa fi àwọn òrìṣà abàmì inú ìtàn ẹ̀ kọ tiwọn bó ṣe wù wọ́n, ìṣẹ́ ló kú sí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ó kàn jẹ́ pé kò parí síbẹ̀ ni. Lovecraft kú lọ́dún 1937, inú àwọn ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú ni ìtàn ẹ̀ fọ́nká sí, tí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ ńbẹ̀ wọ́n máa jẹrà ni. Ta ló wá kó wọn jọ? Méjì nínú àwọn tó ń bá a kọ lẹ́tà ni, wọ́n dá ilé ìtẹ̀wé kan sílẹ̀ lọ́dún 1939, Arkham House, tìtorí kíṣẹ́ ẹ̀ má baà ṣègbé, ọ̀kan nínú wọn, August Derleth, sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìtàn tiẹ̀ nípa àwọn òrìṣà Lovecraft yẹn kan náà. Òótọ́ ni pé owó ò dé ọwọ́ Lovecraft, mi ò jiyàn, àmọ́ ká ní kì í ṣe tàwọn tó ń fi nǹkan ẹ̀ ṣeré yìí ni, bóyá ni Martin fúnra ẹ̀ ì bá mọ orúkọ tó máa fi ṣàpẹẹrẹ.

Èyí tó ń dẹ́rù ba àwọn oǹkọ̀wé jù lọ ni ti Marion Zimmer Bradley, oǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan. Òun ò kórìíra fanfiction nígbà kan, kódà ó máa ń kó ìtàn táwọn olólùfẹ́ kọ nípa Darkover, ayé tó dá sílẹ̀ nínú ìwé ẹ̀, jáde bí ìwé, pẹ̀lú orúkọ wọn lórí ẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí 1992, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ó ka ìtàn olólùfẹ́ kan, ó rí i pé nǹkan kan wà ńbẹ̀ tó bá ìwé tóun ń kọ lọ́wọ́ mu, ó ní òun á fún onítọ̀hún lówó díẹ̀, òun á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ìwé náà, onítọ̀hún ní ìyẹn ò tó, ọ̀rọ̀ di ti lọ́yà, ilé ìtẹ̀wé ní àwọn ò ṣe mọ́. Ìwé yẹn ò jáde títí dòní. Àtìgbà náà làwọn lọ́yà ti ń kì í sétí àwọn oǹkọ̀wé pé ẹ má kà á o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, kẹ́nì kan má baà sọ lọ́la pé ẹ jí tòun. Terry Pratchett ní tiẹ̀ ò ní kí wọ́n má kọ, ohun tó ní kí wọ́n ṣe ò ju kí wọ́n má gbé e síbi tójú òun máa tó o.

Rowling gbà. Lọ́dún 2004 àwọn tó ń ṣojú ẹ̀ ní inú ẹ̀ dùn pé àwọn èèyàn fẹ́ràn ìwé ẹ̀ débi tí wọ́n ń kọ tiwọn, kí wọ́n ṣáà má tà á, kí wọ́n má sì kọ ìsọkúsọ sínú ẹ̀. (Ìsọkúsọ tó kún inú ìtàn Draco àti Hermione yẹn, ẹ jẹ́ ká fi bò ó.)

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé inú fanfiction gan-an ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Naomi Novik, tó ń kọ ìtàn dírágónì àti àjẹ́, kò fi pamọ́ rárá pé òun ti ń kọ fanfiction tipẹ́, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 2007, Organization for Transformative Works, ẹgbẹ́ yẹn ló ṣí Archive of Our Own sílẹ̀ fáráyé lọ́dún 2009, tí gbogbo èèyàn ń pè ní AO3. Kò sí ìpolówó ọjà ńbẹ̀, kò sí pé kéèyàn sanwó kó tó kàwé, owó táwọn èèyàn ń dá ni wọ́n fi ń gbé e ró. Lọ́dún 2019 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Hugo, ẹ̀bùn tó tóbi jù láàárín àwọn tó ń kọ ìtàn àwọn ayé àrà bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú sí i, ẹ̀bùn táwọn oǹkọ̀wé ńláńlá ń lé, wọ́n gbé e fún ibi tí wọ́n ń kó fanfiction sí. Àwọn kan bínú, àwọn kan sunkún ayọ̀.

Ní tiwa l'Abẹ́òkúta ńbí, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wá bí àjèjì o. Amos Tutuola, ọmọ wa, tí wọ́n bí lọ́dún 1920, nígbà tí ìwé ẹ̀ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952, bí àwọn òyìnbó ṣe ń yìn ín làwọn kan lára àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń fapá jánú, yàtọ̀ sí pé wọ́n ní gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ wọ́, wọ́n tún ní inú oko Fágúnwà ló ti lọ ṣa èyí tó pọ̀ ńbẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ láti 1938 máa rí i pé igbó méjèèjì pààlà. Fágúnwà náà wá ńkọ́? Àlọ́ ìdílé ẹ̀ wà níbẹ̀, Bíbélì wà níbẹ̀, Bunyan tó kọ The Pilgrim's Progress wà níbẹ̀. Tó bá tún di ti ìtàgé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá mú ìwé Tutuola lọ́dún 1963, ó sọ ọ́ di eré Yorùbá, ọkùnrin ọ̀mu tó wá adẹ́mu ẹ̀ tó kú lọ sọ́run, tí kò ní orúkọ tààrà nínú ìwé, ó fún un lórúkọ, Lánkẹ́, ó tún yí òpin ẹ̀ padà, gbogbo ìrìnàjò sí ọ̀run yẹn wá di àlá. Fanfiction paraku nìyẹn, àyàfi pé Tutuola mọ̀ sí i, ó sì fọwọ́ sí i. Ṣóyínká, ọmọ Aké, tú ìwé Fágúnwà sí gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968, Wálé Ògúnyẹmí wá fi ṣe Lángbòdó, òun sì ni eré tí Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀ àgbáyé, lọ́dún 1977. Ẹ ò rí i bó ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, kò sì sí ẹni tí wọ́n pè ní olè ńbẹ̀ yàtọ̀ sí Tutuola. Bóyá torí pé ìwé mẹ́fà ló kà, tí kì í ṣe ọmọ yunifásítì, èrò tèmi nìyẹn o.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní SS2, ní Ọ̀báńtokò, kọ fanfiction kan tó jẹ́ pé nígbà tí mo kà á tán mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ rántí Kàkó, oníkùmọ̀ ẹkùn, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà? Ìgbéyàwó ẹ̀ ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí Àkàrà-ògún wá pè é pé kí wọ́n jọ máa lọ Òkè Lángbòdó, ó gbà, ìyàwó dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ fòun sílẹ̀ lọ, Kàkó bá fa àdá yọ, ó ṣá a pa, ó sì bá àwọn ọdẹ tó kù lọ. Kíá ni ìwé kọjá lára ẹ̀. Wọ́n kọrin, wọ́n rìn, wọ́n dé ibòmíì. Ọmọbìnrin yìí ní òun ò gbà. Nínú tiẹ̀, obìnrin yẹn ò kú. Aṣọ òkè ìyàwó tó ró ní ìpele ìpele ló gba apá kan nínú àdá yẹn, ìyá arúgbó kan tó ń ja ewé rí i, ó tọ́jú ẹ̀, nígbà tó lè dìde ó tẹ̀ lé ipa ọ̀nà ọkọ ẹ̀. Gbogbo ìlú tó bá dé, àwọn ọdẹ ti kọjá níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀, ohun tó máa ń bá nílẹ̀ ni èyí tí wọ́n bàjẹ́: ilẹ̀kùn tó ṣubú, ìkòkò tó fọ́, àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń bi í pé ṣé ìwọ náà wà lára wọn ni?

Èmi tí mò ń kọ ìtàn iwin látọjọ́ yìí, kò wá sí mi lọ́kàn rí láti bèèrè pé ta ló ń gbálẹ̀ lẹ́yìn àwọn akíkanjú yẹn.

Ó gbé e sórí WhatsApp àwọn ẹbí, bọ̀ọ̀dá wa kan bá ní ó ti ń bú Fágúnwà, pé ọmọ ìsìnyí ò ní ọ̀wọ̀. Ó dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má bínú sà, ṣé ẹ ti ka ìwé náà?" Wọn ò tíì kà á. Àmọ́ méjì nínú àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ti ń wá ìwé Fágúnwà kiri báyìí torí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé Kàkó ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá ẹ̀ sì ti bi mí léèmejì pé ibo ni wọ́n ti ń tà á, torí èyí tí wọ́n rí ti ya.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Àwọn Rice àti Martin tó ń lé èèyàn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà tiwọn kún ni. Ẹ̀kún wọn, ẹ̀kún olówó ni. Ìwé wọn wà ní gbogbo àgbáyé, fíìmù wà, eré orí kọ̀ǹpútà wà, tí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá kọ tiwọn lónìí kò ní kí ẹni kan má mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó. Àwa ńkọ́? Ọmọ tó lè ka orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú fíìmù Marvel bí ẹni ń ka oríkì, ẹ bi í pé ta ni Olóhùn-iyọ̀, á máa wò yín. Kò sẹ́ni tó ń jí Kàkó gbé, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń yà á lò, ìyẹn ló sì ń dùn mí. Tí oǹkọ̀wé Yorùbá kan bá wá dúró lónìí pé òun ò gbà kẹ́nikẹ́ni kọ fanfiction nípa ìwé òun, màá bi í pé bọ̀ọ̀dá, àwọn wo lẹ ń lé?

Òfin wá ńkọ́? Èyí tó wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà ni Copyright Act 2022, oṣù kẹta ọdún 2023 ni Buhari buwọ́ lù ú. Ó fún oǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú, òun tàbí àwọn tó jogún ẹ̀ nìkan ló sì lè sọ pé kẹ́nì kan yí i sí nǹkan míì. Fágúnwà kú lóṣù kejìlá ọdún 1963, torí náà iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ títí 2033 máa fi parí. Tutuola kú lọ́dún 1997, tiẹ̀ di ìparí 2067. Àmọ́ òfin yẹn kan náà ṣí fèrèsé kan sílẹ̀: ó gba ìlò tí kò ni oǹkọ̀wé lára, bí èyí téèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, èyí téèyàn fi ń ṣàfarawé, èyí téèyàn ń lò fún ara ẹ̀ tàbí tó fi ń ṣe lámèyítọ́. Kóòtù máa wò ó bóyá owó lo fi ń wá, irú iṣẹ́ tó jẹ́, báwo ni ohun tó o mú ńbẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bóyá tìẹ máa ba ọjà ojúlówó jẹ́. Orúkọ fanfiction ò sí nínú ẹ̀ o. Lọ́yà méjì lè jà lórí ẹ̀ dọ̀la. Àti pé ẹ má rò pé Ìjàpá ò ní ẹni tó ń gbèjà ẹ̀ rárá, òfin yẹn dáàbò bo àlọ́ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu náà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé e kúrò níbi tó ti wá lọ fi ṣòwò.

Tí ẹ bá fẹ́ rí bí ò ṣe yẹ kéèyàn ṣe é, ọkùnrin kan l'Amẹ́ríkà kọ ìwé tó tẹ̀ lé The Lord of the Rings ti Tolkien, ó ń tà á, kò gba àṣẹ, òun ló tún gbé àwọn ẹbí Tolkien àti Amazon, tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n látinú ẹ̀, lọ kóòtù pé wọ́n jí tòun! Kóòtù lé e dànù lọ́dún 2023, wọ́n ní kó run gbogbo ìwé yẹn, kó tún san owó lọ́yà tó lé ní $130,000. Ẹni tó lọ fẹjọ́ sùn ló gbé gbèsè bọ̀.

Owó ni gbogbo ẹ̀ ń já sí, ẹ lọ bi àwọn ìyá wa ní Ìtòkú. Àwọn bátànì àdìrẹ àtijọ́, Ìbàdàndùn, Olókun, kò sí ẹni tó máa sọ pé kí ìyá kejì má yà á, kálukú ń ya tiẹ̀, ẹni tó bá mojú aṣọ á sì mọ ọwọ́ tó yà á. Ibi tí ìjà ti wá bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà dé, tí wọ́n ń tà á ní owó tí kò tó owó ẹ̀lú àti ìyà ọwọ́. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí SenLinYu yẹn. Ìtàn tó kọ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ bí ìwé, wọ́n ń dì í dáadáa, wọ́n ń tà á lówó gọbọi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ́bọ̀ ò sì kan án, ó wà lára ohun tó mú kó yọ ọ́ kúrò, kó sì tún un kọ bí ìwé tiẹ̀. Lọ́dún 2025 yẹn náà lẹnì kan fi kọ̀ǹpútà gbá ìtàn tó lé ní mílíọ̀nù méjìlá kúrò lórí AO3, tó gbé e síbi táwọn tó ń kọ́ AI ti lè kó o, àwọn tó ń kọ fanfiction fárí gá pé olè, olè! Inú àwọn oǹkọ̀wé kan dùn pé ẹ̀yin náà ti wá mọ bó ṣe ń rí. Mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Èèyàn tó ka ìwé rẹ tó sunkún tó sì jókòó kọ tiẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó ń kó ọ̀rọ̀ bí ọkọ̀ ìdọ̀tí, ṣé ó yẹ kí n máa ṣàlàyé ìyẹn ni?

Torí wọ́n ti ń bi mí nípa ìtàn tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa. Ọdẹ, iwin àti ìyá àgbà inú ìtàn mi, ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n kọ tiẹ̀, kó máa kọ, lédè Yorùbá ló dáa jù, tó bá sì jẹ́ gẹ̀ẹ́sì náà, kò burú. Kọ ọ́ sókè pé ọ̀dọ̀ mi lo ti mú wọn. Má tà á, tó bá dójú ẹ̀ tí ẹnì kan fẹ́ fún ẹ lówó lórí ẹ̀, wá bá mi ká jọ sọ̀rọ̀. Tó o bá fẹ́ pa orúkọ dà kó o sọ ọ́ di tìẹ pátápátá, yí ayé ibẹ̀ padà náà, má kàn fi Àdùkẹ́ rọ́pò Àbẹ̀kẹ́ kó o ní o ti ṣe tán. Má fi ránṣẹ́ sí mi títí tí èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́ á fi parí, torí ọ̀rọ̀ Bradley yẹn ṣì ń bà mí lẹ́rù. Ọdẹ yẹn, ẹ lè pa á tó bá wù yín, èmi náà ti fẹ́ẹ́ pa á. Ìyá àgbà ni kí ẹ rọra ṣe, ẹni tó bá pa ìyá àgbà, kó má jẹ́ kí n gbọ́.